ṢÉ ÌBÒ TÍ NÀÌJÍRÍÀ DÌ NÍ 1975 LÓ MÚ ÒKUN WỌ AYÉTÒRÒ?

  Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn. Tòní á tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá jẹ́ kó kà á tán lẹ́ẹ̀kan, kó padà wá.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, mo ń kọ́ni nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejìlá, ẹsẹ kẹta, níbi tí Ọlọ́run ti bá Ábúráámù sọ̀rọ̀ ìbùkún àti ègún. Bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní orílẹ̀-èdè tó bá fẹnu kan Ísírẹ́lì, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Àwọn ará ṣe àmín, àmín náà lọ jìnnà. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nawọ́ sókè. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Ayétòrò ni ìdílé rẹ̀ ti wá, òkun ló sì lé wọn kúrò nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sà. Mo kà á lórí fóònù pé Nàìjíríà dìbò lòdì sí Ísírẹ́lì ní UN ní 1975. Ṣé ègún yẹn ló ń jà wá? Ṣé nítorí ẹ̀ ni òkun ṣe gba ilé bàbá mi?"

Ará, ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà pé lónìí. Mo lè pè é sí kọ̀rọ̀ kí n dá a lóhùn, àmọ́ orí pẹpẹ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó bí ìbéèrè náà, gbangba ló yẹ kí n ti dáhùn.

Òótọ́ ni ohun tí ọmọ náà kà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù November 1975, àwọn orílẹ̀-èdè tó pé jọ sí ilé UN ní New York dìbò lórí ìpinnu kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 3379. Ó pé àádọ́ta ọdún ní November 2025, bóyá ìdí tó fi ń jáde lórí fóònù àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ìpinnu náà ò gùn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀: ó ní Zionism jẹ́ irú ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan. Orílẹ̀-èdè 72 ní bẹ́ẹ̀ ni, 35 ní rárá, 32 ta kété. Nàìjíríà wà nínú 72 yẹn. Dahomey náà wà níbẹ̀, àwọn tó yí orúkọ padà sí Benin kí oṣù yẹn tó parí. Ghana àti Togo ta kété. Ivory Coast àti Liberia ní rárá. Ẹ fi àwọn orúkọ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí wọn.

Kí ló ń jẹ́ Zionism? Màmá kan nínú ìjọ wa ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé UN ní nǹkan sí àwọn ìjọ Síónì ti Ugbonla ni, àbí Zion Pepe ni wọ́n ń bá wí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi màmá kọ́. Etíkun tiwa yìí, Síónì ló kún un. Àwọn bàbá wa aláṣọ funfun fi Síónì sọ ìjọ, wọ́n fi sọ ìlú. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, inú aṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí kí n tó di Pẹ́ńtíkọ́sì, ọmọ Síónì la sì máa ń pe ara wa. Síónì tiwa yẹn, ibi tí Ọlọ́run ń gbé láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ la ní lọ́kàn. Kò sí ọmọ UN kankan tó mọ ọ̀nà Ugbonla.

Zionism tí wọ́n ń sọ ní New York, ètò òṣèlú ni. Àwọn Júù tí wọ́n ti ń lé kiri ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún gbọọrọ ló dá a sílẹ̀, pé kí àwọn náà ní ilẹ̀ tiwọn tí ẹnikẹ́ni ò ní lé wọn kúrò níbẹ̀. Theodor Herzl pe ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ wọn ní Basel, ní Switzerland, ní 1897. Ní 1903, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ fi ilẹ̀ lọ̀ wọ́n ní ìlà-oòrùn Áfíríkà wa níbí, lápá ibi tí Kenya wà lónìí. Wọn ò gbà á níkẹyìn. Hitler pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì wá dìde ní May 1948. Nínú ogun ìgbà yẹn kan náà, nǹkan bí 700,000 ará Palestine pàdánù ilé wọn, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìtàn méjèèjì pọ̀, torí pé àwa oníwàásù máa ń sọ ọ̀kan, a á fi èkejì pamọ́ sábẹ́ Bíbélì.

Ta ló wá dìbò yẹn lórúkọ wa? Ibí yìí ló dùn mí jù bí mo ṣe ń kà á. Ní ọjọ́ 29 July 1975, Gowon wà ní Kampala fún ìpàdé OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Ìpàdé Kampala yẹn gan-an so Ísírẹ́lì mọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa, ìpinnu UN sì tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Idi Amin ni alága OAU lọ́dún náà, ẹ̀yin àgbà mọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà tí ìbò fi máa dé ní November, Murtala Mohammed ló wà lórí oyè. Kò sí ilé aṣòfin. Àwọn ológun ti tì í pa láti January 1966, kò sì ṣí títí di October 1979. Ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an ò tíì sí, February 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Western State ni wọ́n kà wá mọ́. Apẹja tó ń fa àwọ̀n ní Awoye lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bi í léèrè, kò sì sí aṣojú kankan tó lè lọ bá pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ lórúkọ wa?"

N ò fẹ́ purọ́ mọ́ àwọn tó dìbò náà. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ ni àwa àti Ísírẹ́lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ Yunifásítì Ifẹ̀, àwọn ilé ńláńlá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá yẹn, Arieh Sharon ọmọ Ísírẹ́lì ló ya àwòrán wọn. Lẹ́yìn náà ni ogun dé ní October 1973. Íjíbítì jẹ́ ọmọ OAU, ilẹ̀ Sinai rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Nàìjíríà já okùn ọ̀rẹ́ lóṣù yẹn bíi ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ South Africa tún wà nínú ẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbò náà, ní April 1976, Vorster tó ń ṣolórí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn lọ ṣàbẹ̀wò sí Ísírẹ́lì, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ènìyàn dúdú tó bá rí ìyẹn, inú rẹ̀ á ru.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ọjọ́ kejì gan-an, 11 November, ilé aṣòfin méjèèjì ní Washington ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 384 bu ẹnu àtẹ́ lu ìpinnu UN, ẹyọ ẹnì kan ò sọ pé rárá. Àwọn sẹ́nétọ̀ náà fẹnu kò. Wọ́n ní kí wọ́n tún gbé e yẹ̀ wò, bóyá ó ṣì yẹ kí Amẹ́ríkà máa bá UN ṣe bó ṣe ń ṣe. Moynihan, aṣojú wọn níbẹ̀, ti kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ ìbò pé orílẹ̀-èdè òun ò ní fara mọ́ ọn láéláé. Chaim Herzog, aṣojú Ísírẹ́lì, fa ìwé náà ya níwájú gbogbo wọn. Ó rán wọn létí pé ìbò náà bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń rántí alẹ́ tí àwọn ènìyàn Hitler dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì ní 1938.

Ṣé ẹ rí i, n ò sọ pé ẹni mímọ́ làwọn aṣòfin yẹn. Olóṣèlú ni wọ́n, wọ́n mọ ẹni tó ń dìbò fún wọn. Nǹkan kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò dùn mọ́ mi. Ilé aṣòfin tí ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti gbèjà Ísírẹ́lì, 1986 ló tó ṣe òfin gidi láti fìyà jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Ààrẹ Reagan kò fọwọ́ sí i, àwọn aṣòfin ló fi ìbò borí rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kan fún èyí, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà fún tọ̀hún. Irú àánú tó ń ṣa ẹni tó máa ṣe lóore yìí ló mú kí àwọn olórí Áfíríkà dì í mú pé àwọn ò ní gbọ́ ti Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, wọ́n dáhùn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé títí dòní. Ọmọ wọn tó bá fẹ́ mọ ohun tí aṣojú àdúgbò rẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn, á rí i kà.

Ìpinnu yẹn fúnra ẹ̀, mo gbà pé kò dáa. Bí Ísírẹ́lì bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ sọ ohun tó ṣe, ẹ sọ ọjọ́ tó ṣe é, ẹ sọ ẹni tó ṣe é sí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dìde pé wíwá ilé àwọn ènìyàn kan gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ti kọjá ìbáwí. Àwa Ìlàjẹ ló yẹ kó yé jù. Ẹ rántí ogun àwa àti àwọn ará wa Ijaw ti Arogbo, láti 1998 wọ 1999. N ò fẹ́ tú egbò yẹn, àwọn kan nínú ìjọ wa ṣì ń sunkún àwọn tó bá a lọ. Ilẹ̀ ni, epo ni, ta ló ni ibí, ta ló kọ́kọ́ dé. Ó ní ohun tí a ṣe tí kò dáa, ó ní ohun tí wọ́n ṣe tí kò dáa. Ká ní ìgbìmọ̀ kan jókòó ní ọ̀nà jíjìn nígbà yẹn, tí wọ́n ní pípè tí Ìlàjẹ ń pe etíkun yìí ní ilé, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, ṣé ìyẹn ni ì bá parí ìjà? Ńṣe ni àwọn ọmọkùnrin wa ì bá tún kó sọ́kọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé kò yẹ kó wà rárá, kí lẹ fẹ́ kó bá yín dúnàádúrà lé lórí?

Àwọn tó ṣe é náà padà mọ̀. Ní ọjọ́ 16 December 1991, UN wọ́gi lé e, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi wọ́gi lé e. Orílẹ̀-èdè 111 ní kí wọ́n pa á rẹ́, 25 ò gbà, 13 ta kété. Nàìjíríà wà nínú 111. Bẹ́ẹ̀ ni, Nàìjíríà kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1992, àwa àti Ísírẹ́lì tún padà di ọ̀rẹ́. Babangida ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ológun náà ni, ilé aṣòfin àpapọ̀ ò sì tíì jókòó, December 1992 ni wọ́n tó ṣí i. Ìgbà tí a bú wọn, wọn ò bi wá. Ìgbà tí a kó o jẹ, wọn ò bi wá.

Ó yá, ọmọ mi, ìbéèrè rẹ rèé. Ṣé ìbò yẹn ló mú òkun wọ Ayétòrò?

Rárá o.

Ẹ jẹ́ ká gba etíkun lọ, àwọn ará wa tó ń pẹja lọ dé Cotonou mọ ọ̀nà náà. Benin ní bẹ́ẹ̀ ni ní 1975: òkun ń jẹ Grand-Popo. Togo ta kété: òkun ń jẹ Aného. Ghana ta kété: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Keta bí ilé ṣe ṣẹ́kù sí. Ivory Coast dìbò fún Ísírẹ́lì: òkun ń gbé Grand-Lahou lọ, títí kan itẹ́ òkú wọn. Liberia dìbò fún Ísírẹ́lì: ogun abẹ́lé jà wọ́n láti 1989 títí di 2003, òkun sì tún ń gba ilé ní West Point ní Monrovia. Bẹ́ẹ̀ ni, rárá, mi ò dá sí i, omi kan náà ló wọlé tọ gbogbo wọn. Òkun ò ka ìwé ìbò.

Ohun tó ń ṣe wá kì í ṣe awo. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, ẹrẹ̀ ni, kò sí àpáta tó dì í mú. Omi òkun ń ga sí i lágbàáyé. Àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ti ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀, àwọn ará Awoye mọ ohun tó ṣe sí igbó àti omi mímu wọn. Ògiri ìdènà òkun tí wọ́n ṣèlérí fún Ayétòrò, ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń gbọ́ ọ, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà síta ti ń bímọ báyìí. Ìlú tí àwọn bàbá wa dá sílẹ̀ ní 1947 pẹ̀lú àdúrà àti àjọṣe, tí wọ́n ní iná mànàmáná kí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá tó ní in, ń wọ omi díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Bí mo bá wá dúró lórí pẹpẹ tí mo ní ègún Ábúráámù ni, mo ti dá ẹni tó yẹ kó kọ́ ògiri sílẹ̀ lómìnira. Mo ti sọ fún ọmọ tí kò nílé pé Ọlọ́run ló lé e jáde nítorí ìbò tí wọ́n dì kí wọ́n tó bí i.

Jésù Olúwa wa ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí nínú Lúùkù orí kẹtàlá. Ilé ìṣọ́ wó ní Sílóámù, ní Jerúsálẹ́mù gan-an, ó pa ènìyàn méjìdínlógún. Ó ní kí wọ́n má rò pé àwọn yẹn ló dẹ́ṣẹ̀ jù ní ìlú náà. Mo ti wàásù ẹsẹ yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Mi ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́rú yẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà àti lọ́wọ́ gbogbo ìjọ.

Mo ṣì ń gbàdúrà fún àlàáfíà Jerúsálẹ́mù, Sáàmù 122 ò kúrò nínú Bíbélì mi. Lẹ́yìn ìkọlù 7 October 2023, tí wọ́n pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì tí wọ́n sì kó 251 nígbèkùn, a gbààwẹ̀ nínú ìjọ yìí, ẹ̀yin náà rántí. Àmọ́ nígbà tí ìbọn balẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Family ní Gaza ní July 2025, tó pa ènìyàn mẹ́ta nínú àwọn tó sá wá síbẹ̀, mélòó nínú wa ló gbàdúrà? Kristẹni ni wọ́n, ará wa ni wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti kà ní òkú ní Gaza, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Pásítọ̀ ti yí padà. Àwọn kan á tẹ "unfollow". Kò burú. Ènìyàn lè sọ pé ìpinnu 1975 jẹ́ irọ́, kó sì tún sunkún Gaza, ẹnu kan náà ló lè sọ méjèèjì.

Ohun tó kù lọ́kàn mi ni ti àwọn aṣòfin. Lónìí, a ní wọn, kò dà bíi 1975. Ìlàjẹ àti Ese-Odo ní aṣojú kan ní Abuja, Gúúsù Oǹdó ní sẹ́nétọ̀ kan, a sì ní àwọn tiwa ní Àkúrẹ́. Nàìjíríà ṣì ń dìbò ní New York lọ́dọọdún, lórí Palestine, lórí Ísírẹ́lì, lórí ojú ọjọ́ àti òkun pàápàá. Ní September 2025, Igbákejì Ààrẹ Shettima dúró níbẹ̀, ó sọ pé kí Ísírẹ́lì àti Palestine jẹ́ orílẹ̀-èdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo fara mọ́ ọn, ẹlòmíì lè má fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n aṣojú tiwa wo ló ti dé èbúté Ìgbòkòdá wá sọ fún wa pé báyìí ni wọ́n ṣe dìbò o, báyìí sì lèmi ṣe rí i? Kí n má parọ́, wọ́n ti sọ̀rọ̀ òkun Ayétòrò nílé aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n jókòó. Àwọn ará Washington yẹn dìde lọ́jọ́ kejì lórí ìwé kan tí kò gba ilé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, èmi àti àwọn alàgbà ti kọ lẹ́tà kan. Ojú ìwé méjì ni. A béèrè pé kí aṣojú wa máa wá jíhìn fún wa nípa ìbò tí wọ́n bá dì lórúkọ wa lókè òkun. A sì béèrè ọjọ́ pàtó tí iṣẹ́ ògiri òkun á bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí a máa mú bí kò bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ìwé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, Pẹ́ńtíkọ́sì o, aláṣọ funfun o, Mùsùlùmí o, kó wá kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣí lọ sí Ìgbòkòdá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ fi orúkọ yín àti orúkọ ìlú yín ránṣẹ́ sí WhatsApp ìjọ, a máa kọ ọ́ sí i fún yín.